Ẹni Tó Ń Wá Ilé fún Ará Ìlú, Kó Má Sọ Ilé Tirẹ̀ Nù

Bí ènìyàn bá dúró sí ìkóríta kan ní Kubwa, lẹ́bàá Àbújá, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, kò ní pẹ́ kí ó tó rí wọn. Tẹlifóònù méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń mú lọ́wọ́, ìwé àkọsílẹ̀ kékeré wà nínú àpò, bàtà wọn á sì ti kún fún eruku kí agogo mẹ́wàá tó lù. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ń pè wọ́n ní dillali. Àwa ń pè wọ́n ní èjẹ́ǹtì tàbí alágbàtà ilé. Àwọn ni wọ́n mọ yàrá tó ṣófo ní àdúgbò, àwọn ni wọ́n mọ onílé tí kì í gba ọmọ púpọ̀ sílé, àwọn náà ni wọ́n mọ ilẹ̀ tí ìjà kò tíì tán lórí rẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ló jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé tí ẹ ń gbé.

Èmi tí mo ń kọ èyí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Láti ọdún 2004 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo fi jẹun, mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, n kò sì ní bú ìdí iṣẹ́ tí mo ti ń jẹ. Àwọn àgbà sọ pé ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ. Wọn kò sọ pé kí iṣẹ́ máa jẹ ẹni tí ń ṣe é. Ó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ yìí jẹ mí tán. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí àti ohun tí mo kọ́, bóyá yóò wúlò fún alágbàtà mìíràn, fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, àti fún ẹni tí ń wá ilé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọlọ́jà, télọ̀, lọ́yà àti gbogbo ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu àti sùúrù jẹun náà yóò rí nǹkan mú níbẹ̀.

ÌDÍ TÍ IṢẸ́ NÁÀ FI PỌ̀ TÓ BẸ́Ẹ̀

Ọdún 1976 ni ìjọba ológun ṣe òfin tó dá agbègbè olú-ìlú Àbújá sílẹ̀. Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó bọ̀ síbẹ̀. Ìlú tí a kọ́kọ́ yà sórí ìwé kí a tó kọ́ ọ ni. Òṣìṣẹ́ sì ti ń dé kí ilé tó pọ̀ tó. Ní ọdún 2005, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí ta àwọn ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbé láàárín ìlú. Ẹni tó rí owó, ó ra tirẹ̀. Ẹni tí kò rí owó, ó kó ẹrù jáde. Láàárín ọdún 2003 sí 2007 yẹn kan náà ni katakata ìjọba wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí wọ́n ní kò bá ìlànà ìlú mu. Àwọn tó kó jáde wọ̀nyí rọ́ lọ sí Kubwa, Lugbe, Karu àti Nyanya. Àwọn mìíràn kọjá lọ sí Mararaba, tó ti bọ́ sí ìpínlẹ̀ Nasarawa. Gbogbo wọn ló ń wá ilé, ọ̀dọ̀ wa sì ni wọ́n ń bọ̀.

Tẹlifóònù alágbèéká ti dé ní ọdún 2001. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó bá ń wá ilé ní láti wá bá alágbàtà ní ìsọ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Tẹlifóònù ló sọ gbogbo wákàtí di àkókò ìsọ̀. Nígbà tí WhatsApp sì dé lẹ́yìn náà, àwòrán ilé àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wọlé títí di ọ̀gànjọ́ òru, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fi í ránṣẹ́ á sì máa retí èsì lójú ẹsẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí àwọn ará ìta kì í sábà rò. Alágbàtà kì í gba owó oṣù. Bí ó bá fi ilé kan han ogún ènìyàn, tí kò sí ẹni tó gbà á, òfo ni gbogbo ìrìn náà já sí. Bí ẹnìkan bá gbà á, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé ọdún kan ló wọ́pọ̀ pé kí ó gbà, tí wọn kò bá tún bẹ̀ ẹ́ kí ó dín in kù. Ó lè jẹ mẹ́ta lóṣù yìí, kí oṣù méjì tó tẹ̀lé e má mú nǹkan kan wá. Ẹni tí kò mọ ìgbà tí oúnjẹ mìíràn yóò dé kì í lè sọ pé òun ti yó. Ìdí nìyí tí alágbàtà kì í fi lè sọ fún oníbàárà kankan pé rárá, kódà nígbà tí ara rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ NÍ ỌDÚN 2011

Ní ọdún 2011, mo ní oníbàárà mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó iṣẹ́ ènìyàn kan lọ́tọ̀. Èkínní jẹ́ onílé tó ní yàrá méjìlá tó fi háyà. Bí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́, èmi ni yóò pè. Bí ayálégbé méjì bá jà nítorí okùn ìsáṣọ, èmi ni. Èkejì wà ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, ó ń wá ilẹ̀ rà. Nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó sì jẹun tán ní agogo mẹ́jọ alẹ́ tirẹ̀, agogo méjì òru ni tiwa. Ìgbà náà ni yóò pè mí. Ẹ̀kẹta jẹ́ tọkọtaya tí mo fi ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n hàn láàárín oṣù mẹ́rin, tí wọn kò mú ìkankan.

Oorun mi bẹ̀rẹ̀ sí já. Bí tẹlifóònù bá dún, àyà mi á là gààrà, bẹ́ẹ̀ owó ni tẹlifóònù yẹn ń mú wá tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kanra mọ́ ènìyàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, opó kan tọ̀ mí wá pẹ̀lú ọmọ kékeré méjì. Yàrá kan ṣoṣo ló ń wá ní Nyanya, owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Mo jágbe mọ́ ọn lójú àwọn ọmọ náà. Mo ní, “Ẹ máa lọ, ẹ má fi àkókò mi ṣòfò, mo ti mọ irú yín.” Kò dá mi lóhùn. Ó kàn fa àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lọ. Lọ́dún méjì ṣáájú ìgbà náà, ma bá a rìn lọ rìn bọ̀ títí a ó fi rí i.

Ṣùgbọ́n ohun tó burú jù kò tíì dé. Olùkọ́ kan, obìnrin, ń ra ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ mi. Owó tó ti ń kó jọ nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fún ọdún mẹ́fà ni. Àṣà mi ni pé kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èmi fúnra mi ni yóò lọ ṣe àyẹ̀wò ìwé ilẹ̀ náà. Lọ́jọ́ tó yẹ kí n lọ, ẹni ti Houston ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lóru, ẹ̀rọ omi onílé yàrá méjìlá sì ti bàjẹ́ láàárọ̀. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ ń kánjú. Mo wo ẹ̀dà ìwé rẹ̀, mo rí òǹtẹ̀, mo sì sọ fún olùkọ́ náà pé ìwé náà dára. Ó sanwó. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹni méjì mìíràn fi yọ síta pẹ̀lú ìwé orí púlọ́ọ̀tì yẹn kan náà. A wá ẹni tó tà á tì.

Olùkọ́ náà kò bú mi. Ohun tó bi mí ni pé, “Àlhájì, ṣé ẹ kò lọ wò ó ni?” Títí di òní, ìbéèrè yẹn kò kúrò ní etí mi. Àmánà ló fà lé mi lọ́wọ́, mo sì jẹ́ kí ó jábọ́ nítorí pé ó rẹ̀ mí. Mo ta ọkọ̀ mi, mo sì san owó náà padà fún un díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mẹ́rìnlá. Nígbà tí mo lọ rí dókítà, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ru. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá àwọn ọmọ mi jókòó tì mí, tó sì sọ pé, “Bàbá Ìbejì, gbogbo ayé ni ẹ ń bá wá ilé. Ta ni yóò bá àwa wá yín?”

KÍ NI ÀÁRẸ̀ YÌÍ?

Ó ní àárẹ̀ tí oorun ń wò. Àgbẹ̀ tó ro oko láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ yóò sùn, yóò jí, ara rẹ̀ yóò sì dá. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ mìíràn wà tí ń ti inú iṣẹ́ bọ́ sínú ọkàn, tí ènìyàn ń bá sùn, tó sì ń bá a jí. Ní ọdún 1974, onímọ̀ nípa ìṣesí ọkàn kan tí ń jẹ́ Herbert Freudenberger kọ̀wé nípa rẹ̀. Ó ti rí i lára àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ kan ní New York, ó sì ti rí i lára òun fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin ọ̀mọ̀wé kan, Christina Maslach, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Susan Jackson gbé ìbéèrè jáde ní ọdún 1981, tí a lè fi wọn bí àárẹ̀ náà ti pọ̀ tó lára òṣìṣẹ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sínú ìwé àkójọ àìsàn rẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2019, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò láti oṣù Kìíní ọdún 2022. Àjọ náà kò pè é ní àìsàn; ó pè é ní ohun tí ń ti inú wàhálà iṣẹ́ wá, nígbà tí a kò bá bójú tó wàhálà náà fún ìgbà pípẹ́. Àmì mẹ́ta ni wọ́n kà sílẹ̀. Èkínní, okun inú ènìyàn á tán. Èkejì, ọkàn rẹ̀ á jìnnà sí iṣẹ́ náà, tàbí kí ó máa fojú burúkú wò ó. Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní dára mọ́ bó ti máa ń dára.

Nígbà tí mo gbọ́ àmì mẹ́ta yìí, mo rí ọdún 2011 mi níbẹ̀ ní kíkún. Oorun tó já ni àmì kìíní. Opó tí mo lé lọ ni àmì kejì. Ilẹ̀ olùkọ́ ni ẹ̀kẹta. Mo ti rò pé ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé òru ni kò jẹ́ kí n sùn, pé opó náà ló bí mi nínú, pé ẹni tó ta ilẹ̀ ló tàn mí. Orísun kan náà ni gbogbo wọn ti ń ṣàn wá. Ẹni tó bá rí àmì wọ̀nyí lára ara rẹ̀, kí ó lọ rí dókítà pẹ̀lú, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, ìwòsàn wọn sì yàtọ̀.

ÀWỌN TÍ Ń TÁN NI LÓKUN

Kì í ṣe gbogbo oníbàárà tó le ní ń tán ni lókun. Oníbàárà kan wà tó máa ń bi mí ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n bó bá ti rí èsì tó fẹ́, yóò san owó rẹ̀, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Ìyẹn le, ṣùgbọ́n ó ní òpin. Àwọn tí mo ń sọ kò ní òpin.

Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tí ń wo ilé bí ẹni ń wòran. Nígbà mìíràn kò sí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, owó wà, ṣùgbọ́n ọkọ àti aya kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí tọkọtaya tí mo mẹ́nu kàn ṣe rí nìyẹn. Ọkọ ń fẹ́ ibi tó dákẹ́, aya ń fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọjà. Àríyànjiyàn tó yẹ kí wọ́n parí ní pálọ̀ wọn ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ mi jà fún oṣù mẹ́rin.

Ẹnì kejì ni ẹni tí ń gba ẹ̀yìn wọlé. A ó fi ilé hàn án lọ́sàn-án, lálẹ́ yóò padà lọ bá onílé pé kí àwọn jọ parí rẹ̀ láìsí alágbàtà. Ẹnì kẹta ni onílé tó sọ alágbàtà di ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹnì kẹrin ni oníbàárà òkè òkun. N kò bá a wí púpọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹbí wọn ti ná owó ilẹ̀ wọn rí, ẹ̀rù ló sì ń mú kí wọ́n máa pè lóru.

Ẹnì karùn-ún ló nira jù lọ láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí tiwa ni. Àwa Yorùbá tí a ń gbé ní ìlú tí kì í ṣe ìlú baba wa máa ń fara mọ́ ara wa. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa kan wá, tàbí tí a jọ ń kírun ní mọ́sálásí kan, á ní, “Ọmọ wa ni ẹ́ jàre, bá wa wá a.” Kò ní dárúkọ owó, a kò sì ní lè béèrè. Inú rere ni, mo sì fẹ́ràn láti ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ́dún, oúnjẹ àwọn ọmọ mi ni mo ń fi tọrẹ.

ÀTÚNṢE TÍ MO ṢE

Èkínní, mo kọ́ láti béèrè kí n tó gbéra. Ìbéèrè márùn-ún ni: Èló ló wà nílẹ̀ báyìí? Ta ni yóò san án? Ìgbà wo ni ilé tí ẹ ń gbé yóò parí? Ẹni mélòó ni yóò gbé inú rẹ̀? Ta ló tún gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ tó gbà á? Ìbéèrè karùn-ún yìí ti gbà mí lọ́wọ́ ìrìn púpọ̀. Bí mo bá fi ilé mẹ́ta hàn ènìyàn tí kò mú ìkankan, a ó jókòó, a ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò kí a tó lọ wo ẹ̀kẹrin.

Èkejì ni owó ìrìn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn létí, nítorí àwọn alágbàtà kan wà tó jẹ́ pé owó ìrìn nìkan ni wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n á máa mú ènìyàn lọ wo ilé tí wọ́n mọ̀ pé ẹlòmíràn ti gbà. Owó haráámù ni ìyẹn. Ohun tí mo ń ṣe ni pé n ó pe onílé láàárọ̀ ọjọ́ náà láti mọ̀ bóyá ilé ṣì ṣófo. Bí a bá débẹ̀ tí a kò bá a, mo ń dá owó náà padà. Bí oníbàárà bá sì gba ilé kan lọ́dọ̀ mi, mo ń yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́. Ẹni tí ń wòran kì í san owó ìrìn, nítorí náà a kì í tún pàdé.

Ẹ̀kẹta, mo fi ààlà sí àkókò. Tẹlifóònù iṣẹ́ mi ń kú nígbà tí a bá ti kírun Íṣáì, n kì í sì í tan án títí di agogo mẹ́jọ àárọ̀. Láti Màgàríbì sí Íṣáì, ti àwọn ará ilé ni. Ìrun márààrún ti pín ọjọ́ fún wa tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo jẹ́ kí tẹlifóònù da ìpín náà rú. Fún ẹni tó wà ní Houston, a fi àdéhùn sí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé tiwa, tó jẹ́ agogo mọ́kànlá àárọ̀ tiwọn, tàbí mẹ́wàá nígbà òtútù wọn. Mo ń fi àwòrán àti ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà ránṣẹ́ kí ó tó pè. Nígbà tó rí i pé ìròyìn kì í yẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ rọlẹ̀. Kò pè mí lóru mọ́.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ èmi àti onílé di ti orí ìwé. Ìwé náà sọ pé wíwá ayálégbé àti gbígba owó ilé ni iṣẹ́ mi. Bí onílé bá fẹ́ kí n máa bójú tó àtúnṣe pẹ̀lú, ó ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí kò bá fẹ́, mo ń fún ayálégbé ní nọ́ńbà onípáìpù àti oníná. Ọ̀rọ̀ lílé ayálégbé jáde sì kúrò lọ́wọ́ mi pátápátá. Ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ni ayálégbé ọlọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, lẹ́yìn rẹ̀ ó di ilé ẹjọ́. Iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn. Lójú mi, kò sí iṣẹ́ tí ń jẹ ọkàn ènìyàn tó kí ó máa lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò rí owó ilé san.

Ẹ̀karùn-ún, mo pín ìlú sí ọjọ́. Ọjọ́ Ajé àti Àlàmísì ni ti Kubwa, Dutse àti Bwari. Àtàláátà ni ti Lugbe ní ojú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú. Àlàrùbá ni ti Karu àti Nyanya. Tẹ́lẹ̀, mo lè lọ sí Lugbe láàárọ̀, kí n dé Nyanya lọ́sàn-án, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì mú mi títí di alẹ́ nítorí ilé méjì péré.

Ẹ̀kẹfà ni mo fi ọwọ́ dan-indan-in mú jù lọ. N kì í ka ìwé ilẹ̀ nígbà tó bá rẹ̀ mí. Láàárọ̀ ni mo ń ṣe é, owó kì í sì í kúrò lọ́wọ́ oníbàárà lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ rí ìwé. Ní Àbújá, ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀, mínísítà ló sì ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ìní. Nítorí náà a ní láti ṣe àyẹ̀wò ìwé ní ọ́fíìsì AGIS, níbi tí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ agbègbè náà wà, kí lọ́yà sì bá wa wò ó. Ẹni tí ń ta ilẹ̀ tó ní òun kò lè dúró fún àyẹ̀wò ti sọ ohun tó yẹ kí a mọ̀ fún wa.

Ẹ̀keje ni ìpìlẹ̀ gbogbo àwọn yòókù. Nínú gbogbo owó iṣẹ́ tó bá wọlé, mo ń yọ ìdá kan nínú mẹ́rin sọ́tọ̀, títí tí ó fi tó oúnjẹ oṣù mẹ́ta. Ó gbà mí ní ọdún méjì. Kí ó tó pé, gbogbo ààlà tí mo ń fà ni ebi ń pa rẹ́. Ẹni tí ó ní oúnjẹ oṣù mẹ́ta nílé nìkan ló lè sọ pé rárá kí ó sì dúró lé e.

Ní ti ẹbí àti ará ìlú, mo ya ènìyàn méjì sọ́tọ̀ lọ́dún tí n ó wá ilé fún láìgba kọ́bọ̀, pẹ̀lú èrò sàdáká. Mo sì ń sọ fún àwọn yòókù pé ti ọdún yìí ti pé, kí wọ́n bá mi san ìdajì. Inú bí àwọn kan. Púpọ̀ nínú wọn gbà.

BÍ A ṢE Ń JỌ̀WỌ́ ONÍBÀÁRÀ

Ìgbà kan wà tí gbogbo àtúnṣe yìí kò ní ran ọ̀rọ̀ náà. Mo ní láti jọ̀wọ́ onílé yàrá méjìlá. Mo lọ bá a nílé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ ṣeun fún ìgbà tí ẹ fi fọkàn tán mi. Ohun tí ẹ ń fẹ́ ju agbára ẹnìkan lọ, n kò sì fẹ́ máa já yín kulẹ̀. Mo ti mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá tó ní àkókò, gbogbo ìwé ayálégbé yín sì nìyí.” Kò dùn mọ́ ọn nínú. Owó tó ń wọlé fún mi lọ́dún náà sì lọ sílẹ̀ gan-an, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí sùn. Nígbà tó di ọdún kejì, àwọn tí iṣẹ́ mi tẹ́ lọ́rùn ti ń mú ẹlòmíràn wá, owó náà sì padà bọ̀ sípò.

Ẹ má ṣe lé oníbàárà pẹ̀lú ìbínú, ẹ má sì ṣe sá fún un kí ẹ máa pa tẹlifóònù mọ́ ọn lójú. Ẹ sọ ọ́ fún un lójúkojú, ẹ dá ohun tó jẹ́ tirẹ̀ padà, ẹ sì tọ́ka ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ sí i.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń WÁ ILÉ ÀTI Ẹ̀YIN ARÁ ILÉ

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé, ẹ kọ́kọ́ jókòó nílé yín. Ẹ bá ìyàwó tàbí ọkọ yín sọ̀rọ̀ tán. Ẹ sọ iye owó tó wà lọ́wọ́ yín gan-an fún alágbàtà, ẹ má bù mọ́ ọn, ẹ má sì fi pamọ́. Bí ilé kò bá wù yín, ẹ sọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí ilé níbòmíràn, ẹ pè é kí ó lè sinmi ìrìn. Ẹ má sì gba ẹ̀yìn lọ bá onílé. Lágbájá tí ẹ fò dá náà ní ọmọ nílé ìwé.

Ẹ̀yin ìyàwó àti ọmọ alágbàtà, ẹ máa ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ rí i pé kì í rẹ́rìn-ín mọ́, tàbí pé ó ń kanra nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Kò mọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ìyá Ìbejì kò bá bi mí ní ìbéèrè yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi ì bá ṣì máa rò pé akíkanjú ni mí.

Ní ọdún 2014, olùkọ́ náà padà wá bá mi. Ẹnu yà mí. Ó ní òun ti wo ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n òun kò rí ẹlòmíràn tó ta ọkọ̀ rẹ̀ láti san gbèsè rí. A wá ilẹ̀ fún oṣù márùn-ún. Mo ṣe àyẹ̀wò ìwé mẹ́rin, mo sì dá mẹ́ta padà. Ẹ̀kẹrin ló kọ́ ilé sí, ó sì ń gbé inú rẹ̀ títí di òní. Opó tí mo jágbe mọ́ ni n kò rí mọ́. Mo ti béèrè rẹ̀ káàkiri Nyanya. Nígbàkúùgbà tí ara mi bá ti ń kanra, tí ẹnìkan sì ń bọ̀ lọ́nà pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, òun ni mo máa ń rántí. N ó sì dìde, n ó bu omi sójú, kí n tó sọ pé ẹ káàbọ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní iṣẹ́ hàláálì, kí ó fún wa ní ìlera láti jẹ èrè rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí a sọ ilé tiwa nù níbi tí a ti ń bá ọmọlàkejì wá tirẹ̀. Àmín.